Lẹ́tà sí Olóòtú: Wúrà ara ìbọn yẹn kò tó gíráàmù kan

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsinmi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn òǹkàwé yín tó wà ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Houston, Atlanta àti Maryland. Owó ńlá ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn wa lórí ìbọn ìléwọ́ olówó gọbọi, ọ̀pọ̀ kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Bóyá ó yẹ kí èèyàn ní ìbọn nílé tàbí kò yẹ, ìyẹn wà lọ́wọ́ kálukú àti òfin ìpínlẹ̀ tó ń gbé. Ọ̀rọ̀ owó ni tèmi.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìbọn mẹ́ta sórí tábìlì. Èkíní ni Glock 19, nǹkan bí $550 ní tuntun. Èkejì jẹ́ irú ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń pè ní 1911, tí alágbẹ̀dẹ ìbọn fi ọwọ́ tò, ó lé ní $3,500. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìbọn ìrántí tí wọ́n fi wúrà bò, wọ́n kọ "1 nínú 500" sí i lára, ó sùn gbalaja sínú àpótí igi tí wọ́n tẹ́ àrán pupa sí, $2,000. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń yin ọta. Ṣùgbọ́n ohun tí owó rà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ pátápátá, ẹni tó bá sì fi ojú kan náà wò wọ́n ni oníṣòwò máa ń rí jẹ.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi èyí tí wọ́n fi ọwọ́ tò bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. John Moses Browning, ará Amẹ́ríkà tó ń ya àwòrán ìbọn, ló ya 1911. Àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà á ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1911, òun ni wọ́n sì ń lò títí di 1985 tí Beretta M9 fi gba ipò rẹ̀. Ó ti pẹ́ débi pé kò sí ẹni tó lè sọ pé òun nìkan ló ni ín mọ́. Iléeṣẹ́ tó bá wù ú lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí ọ̀kan ní $500, tí ẹ ó sì rí òmíràn ní $5,000, tí àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì lójú ẹni tí kò mọ̀.

Ní iléeṣẹ́ ńlá, wọ́n máa ń gé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín òun àti èkejì rẹ̀, kí èyíkéyìí tí òṣìṣẹ́ bá mú nínú agbọ̀n lè wọlé láìjanpata. Àlàfo yẹn ní àǹfààní tirẹ̀: òun ló ń jẹ́ kí ìbọn ológun ṣiṣẹ́ nínú ẹrẹ̀ àti yanrìn. Òun náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀pá ìbọn padà sí ojú kan náà gẹ́lẹ́ lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. Alágbẹ̀dẹ tó ń fi ọwọ́ tò ó máa ń gba ẹ̀yà tó sanra ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀. Á fi fáìlì rẹ́ ẹ, á tò ó, á tú u, á tún rẹ́ ẹ, títí irin òkè tó ń sún síwá sẹ́yìn yóò fi máa yọ̀ lórí ara ìbọn láìmì. Ibi mẹ́ta ló ń jẹ àkókò jù: ojú ibi tí irin òkè ti gun ara ìbọn, ibi tí ẹ̀yìn ọ̀pá ti ń há mọ́ irin òkè, àti òrùka tó di ẹnu ọ̀pá mú níwájú. Níbi òrùka yẹn, àlàfo tí wọ́n ń wá kò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íńṣì lọ. Ní Nighthawk Custom, ní ìlú Berryville ní Arkansas, alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo ló ń ṣe ìbọn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sì tẹ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sábẹ́ èèkù. Wilson Combat náà wà ní ìlú kékeré yẹn. Wọ́n ń ṣèlérí pé 1911 wọn tó ń jẹ́ CQB yóò kó ọta jọ sínú íńṣì kan ní yáàdì 25, ìyẹn ni pé ihò ọta kò ní jìnnà síra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti Les Baer, iléeṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe 1911, ni íńṣì mẹ́ta ní yáàdì 50.

Òótọ́ ni ìlérí wọn. Àmọ́ ọwọ́ ta ni yóò fi í hàn? Ìbọn tó ń kó ọta sínú íńṣì mẹ́ta ní yáàdì 25 máa ń kó o sínú nǹkan bí íńṣì 0.84 ní yáàdì 7. Èyí tó ń kó o sínú íńṣì kan yóò kó o sínú 0.28. Ìyàtọ̀ wọn ní yáàdì 7, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dánra wò, lé díẹ̀ ní ìdajì íńṣì. Ìka tó ń já ìfà ìbọn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní tíríga, gbà, ọrùn ọwọ́ tó rọ̀, ojú tó ń wo pákó tí a ń yìnbọn sí dípò irin ìfojúsùn iwájú: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ba nǹkan jẹ́ ju ìdajì íńṣì lọ.

Ohun tí ọwọ́ máa mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ìfà ìbọn. Ti Glock wúwo tó páun 5.5, ó sì máa ń rìn díẹ̀ kó tó yìn. Ti 1911 tí wọ́n tò dáadáa wà láàárín páun 3.5 àti 4, ó kúrú, ó sì ń ṣẹ́ pẹ́kẹ́ bí igi ìgbálẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tó ń díje, tàbí ẹni tó ń yin ọta 5,000 lọ́dún, yóò rí èrè ìyẹn lórí pákó rẹ̀. Ẹni tó ń yin 100 lọ́dún kò ní rí i.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan. Láti $550 dé $3,500 jẹ́ $2,950. Bí ọta 9mm kan bá jẹ́ 30 sẹ́ǹtì, $2,950 yóò ra ọta bí 9,800. Bí èèyàn bá ń yin 200 lóṣù, ó lé ní ọdún mẹ́rin kó tó tán. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ yìí, Glock kan àti ọdún mẹ́rin ìdánrawò sàn ju ìbọn olówó ńlá tí ọwọ́ kò mọ̀ lọ. Àgádágodo àti àpótí irin tó nípọn sì tún kù láti rà, kò sì yẹ kí ó jẹ́ èyí tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè fi skùrúdiráfà ṣí.

Ìbọn tó há ju bó ṣe yẹ náà ní wàhálà tirẹ̀, oníṣòwò kì í sì sábà sọ ọ́. Ó ń fẹ́ ọta 300 sí 500 kí àwọn irin tó mọ ara wọn. Ó ń fẹ́ òróró púpọ̀ ju Glock lọ, pàápàá lórí ojú ibi tí irin òkè ti ń yọ̀. Bí ó bá gbẹ, yóò dúró láàárín ọ̀nà. Sípíríǹgì iwájú ti 1911 tó ń lo ọta .45 sábà máa ń jẹ́ páun 16, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ sì ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ọta 2,000 sí 3,000. Bí karahun ọta bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ti rẹ̀ nìyẹn. Àpò ọta tó ń wọ inú èèkù, bí ètè rẹ̀ bá ti là, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà. Ìkọ́ kékeré tó ń fa karahun jáde náà gbọ́dọ̀ ní agbára tó wọ̀n. Ẹ tú irin òkè kúrò, ẹ ki ọta aláìléèdú, ìyẹn ọta òfìfo tí kò lè yìn, sábẹ́ ìkọ́ náà, kí ẹ sì mì í díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá já bọ́, ìkọ́ náà ti dẹ̀. Bí ẹ bá ní láti fi agbára tì í wọlé, ó ti le jù. Ní orí ìbọn $500 àti ti $5,000 ni ìkọ́ yìí ti ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ tún bèèrè irú irin tó wà nínú ikùn rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà kan jẹ́ lẹ́búlẹ́bú irin tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù tí wọ́n sì fi iná sè. Àwọn mìíràn jẹ́ èyí tí wọ́n gé láti ara ọ̀pá irin gidi. Ti mọ́ọ̀dù kò burú nínú ìbọn $600, nítorí òun ni kò jẹ́ kí ó di $900. Àmọ́ bí ẹnì kan bá gba $3,000 lọ́wọ́ yín tó sì fi irin mọ́ọ̀dù ṣe ibi tí òòlù ti ń há mọ́ ìfà, ó ti rẹ́ yín jẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹwà. Kò sí ibi tí ẹwà àti iṣẹ́ ọwọ́ ti pàdé bí i lára Colt Python. Rìfófà ni, ìyẹn ìbọn tó ń kó ọta sínú sílíńdà tó ń yí, ọta mẹ́fà ní ń gbà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní .357 Magnum. Ó jáde ní 1955 ní $125, owó ńlá nígbà náà. Àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù, ìyẹn búlúù tó jìn tó sì ń tàn bí ojú omi. Aláró mọ̀ pé aṣọ tí wọn kò bá fọ̀ mọ́ kò lè gba aró dáadáa, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irin. Àwọ̀ búlúù yẹn fẹ́lẹ́, kò sì lè bo àbùkù kankan mọ́lẹ̀. Dídán tí wọ́n ti fi ọwọ́ dán irin náà kí wọ́n tó rẹ ẹ́ ni ojú ń rí. Colt dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì dá a padà ní oṣù kìíní 2020 ní $1,499, ní irin tí kì í dógùn-ún. Ẹni tó fẹ́ Python láti máa yìn, tuntun ni kó rà. Ti àtijọ́ tó mọ́ tónítóní pẹ̀lú àpótí rẹ̀ ń lọ ju $3,000 lọ, kò sì dára kí ẹ máa fi ọta Magnum líle na ohun tí alágbẹ̀dẹ tó mọ inú rẹ̀ ń dín kù lójoojúmọ́.

Kí ẹ tó ra Python àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tó ń tà á, nítorí àwọn olùkójọ kì í fẹ́ kí wọ́n máa yí sílíńdà rẹ̀ lásán. Ẹ ṣí i, ẹ fi ojú wo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ sì fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè dá yín lójú pé òfìfo ni. Ẹ pa á dé. Ẹ dojú rẹ̀ kọ ibi tí kò sí èèyàn. Ẹ fi àtàńpàkò kan tẹ ara sílíńdà fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni ń dá a dúró, kí ẹ sì fi èkejì fa òòlù ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀. Irin tó ń ti sílíńdà gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ihò rẹ̀ kí òòlù tó dúró tán. Bí òòlù bá dúró tán tí ẹ sì tún lè fi ọwọ́ ti sílíńdà síwájú díẹ̀ kó tó dún kọ́, ìbọn náà ti kúrò lójú ìwọ̀n: ihò ọta àti ọ̀pá kò dọ́gba, ọta yóò máa fi ara gbo ẹnu ọ̀pá bó ṣe ń wọlé, òjé yóò sì máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni kí ẹ dán wò, ẹ má dúró sí orí ẹyọ kan. Ìṣòro yìí kì í sábà hàn lára àwọ̀ rẹ̀. Mo ti mẹ́nu kan bó ṣe ń tàn, dídán yẹn ló ń fọ́ ojú olùrà.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìbọn onígóòlù. Colt bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbọn ìrántí ní 1961, èyí àkọ́kọ́ jẹ́ fún ìlú Geneseo ní Illinois, 104 péré ni wọ́n ṣe. Ó kéré, ó sì tà. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ rí i pé ó ń tà, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Winchester ṣe ìbọn ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀ ní 1966, ìbọn gígùn ni ìyẹn, iye rẹ̀ sì lé ní 100,000. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á ló gbé e sínú àpótí, wọn kò yìn ín, wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí yóò wọ́n. Gbogbo wọn ló dúró. Títí di òní olónìí, tuntun nínú àpótí ló kún ọjà, nítorí ohun tí wọ́n bá ṣe fún ìpamọ́ kì í sọnù, ohun tí kò bá sì sọnù ṣòro kó tó wọ́n.

Ẹ tún wo òfin tí ìbọn ìrántí ń mú bá olówó rẹ̀. Bí ẹ bá yin ọta kan péré níbẹ̀, iye rẹ̀ ti já. Bí ó bá jẹ́ rìfófà, bí ẹ bá yí sílíńdà rẹ̀ nígbà díẹ̀, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò hàn yí ara rẹ̀ ká, olùkójọ á sì rí i láti òkèèrè. Bí àpótí, ìwé ẹ̀rí tàbí páálí ìta bá sọnù, ó tún já. Ìbọn tí ẹ kò lè yìn, tí ẹ kò lè fọwọ́ kàn ṣeré, tí kò sì lè ṣọ́ ilé, ère ni, a kàn ń san owó ìbọn fún un.

Wúrà wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ara gbogbo ìbọn ìléwọ́ sí nǹkan bí 200 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin, kí wúrà tí wọ́n bò ó mọ́ sì nípọn tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Wúrà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà kan wúwo tó gíráàmù 19.3. Bí ẹ bá ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, gbogbo wúrà náà kò pé ìdajì gíráàmù. Aṣọ ìnujú tí kò mọ́ tónítóní lè bó o kúrò létí ibi tí ọwọ́ ti ń kàn án. Àwọn tó kọ "wúrà kárátì 24" gàdàgbà sórí ìwé ìpolówó kò purọ́, wọn kàn kò kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i ni.

Iṣẹ́ ọnà fífín yàtọ̀ sí ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ló fín in, ó lè tó owó rẹ̀, kódà kó jù ú lọ. Ní iléeṣẹ́ àkànṣe Colt, wọ́n ní ìpele mẹ́rin: A bo ìdá kan nínú mẹ́rin ara ìbọn, B bo ìdajì, C bo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, D sì bo gbogbo rẹ̀. Ẹ mú dígí atúǹkanfẹ̀ tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá dání. Ọnà tí ọwọ́ fín máa ń jìn ní ìrísí V, ògiri inú rẹ̀ ń dán yànrànyànràn bí ẹ bá yí i sí ìmọ́lẹ̀, ewé méjì tó kọjú síra kò sì ní bára mu délẹ̀délẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn onígbá Ọ̀yọ́ ṣe ń fín igbá mọ̀ ọ́n lójú: ọwọ́ ń dúró níbì kan, ó ń wọlé jinlẹ̀ níbòmíràn. Èyí tí iná lésà jó máa ń jìn lọ́gbọọgba, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí háráhárá. Èyí tí ásíìdì jẹ kò jìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí wọ́n bá pe lésà ní ọnà ọwọ́, ẹ jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà.

Ẹ ó bi mí pé irú ìbọn wo wá ni iye rẹ̀ ń gòkè. Ilé wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò mọ Singer, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wa? Iléeṣẹ́ yẹn náà rọ ìbọn 1911A1, ìyẹn 1911 tí wọ́n tún ṣe díẹ̀, fún ìjọba Amẹ́ríkà, wọ́n kó o fún wọn ní 1941. 500 péré ni, nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti S800001 dé S800500, kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ ogun mìíràn lé iléeṣẹ́ náà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ṣe é fún ìpamọ́. Àwọn ọmọ ogun gbé e lọ, púpọ̀ sọnù, púpọ̀ bàjẹ́, wọ́n tún òmíràn kùn. Èyí tó dára nínú èyí tó ṣẹ́ kù ti tà ju $100,000 lọ ní gbàǹjo. Lákòókò Ogun Àgbáyé Kejì yẹn náà, Remington Rand, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, rọ tiwọn tó ju 800,000 lọ, ìyẹn sì ń tà ní ẹgbẹ̀rún dọ́là díẹ̀ péré. Irin kan náà, àwòrán kan náà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni iye tó kù, ipò tó wà, àti ẹ̀rí tó tẹ̀ lé e, iléeṣẹ́ kankan kò sì lè rọ ìyẹn tà fún yín lónìí.

Nítorí náà ni ayédèrú fi pọ̀. Bí wọ́n bá fi ìbọn àtijọ́ kan lọ̀ yín ní $3,000, ẹ wo lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Etí lẹ́tà àtilẹ̀wá mú. Bí ó bá ti yọ̀ rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀, wọ́n ti dán an, wọ́n sì ti tún un rẹ. Ẹ wo ihò bóòtù: bí etí rẹ̀ bá ti rì bí abọ́, kẹ̀kẹ́ dídán ti kọjá níbẹ̀. Igun tó yẹ kó mú tó ti di pẹlẹbẹ, ohun kan náà ló ń sọ. Ìbọn tí wọ́n tún rẹ láró lè dára lójú ju tàtijọ́ lọ, kó sì ti pàdánù ìdajì iye rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ "tún un ṣe" kí ẹ tó tà á. Fún Colt àti Smith & Wesson, ẹ lè sanwó kí wọ́n yẹ ìwé ìpamọ́ wò pẹ̀lú nọ́ńbà ara ìbọn. Lẹ́tà náà á sọ ọjọ́ tó kúrò ní iléeṣẹ́, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, àwọ̀ rẹ̀ àti gígùn ọ̀pá rẹ̀. Bí lẹ́tà bá sọ pé ó jáde ní níkẹ́ẹ̀lì, tí èyí tó wà lọ́wọ́ yín jẹ́ búlúù, ìjíròrò ti parí. Ẹ yẹ àpótí wò pẹ̀lú: nọ́ńbà tó wà létí páálí Python gbọ́dọ̀ bá ti ara ìbọn mu. Páálí òfìfo nìkan ń tà lọ́jà ní owó gidi, ẹ kò sì nílò kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Ẹ wo owó ìwọlé àti ìjáde. Ẹ ra ti $2,000 ní Houston: owó orí ọjà 8.25% jẹ́ $165. Bí ó bá ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá, ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ ní ìpínlẹ̀ yín ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá, òun náà á sì gba $25 sí $50. Ẹ ti ná nǹkan bí $2,200. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, oníṣòwò kò ní sábà san ju ìdá 60 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí òun máa tà á lọ, ìyẹn $1,200 sí $1,300. Bí ẹ bá gbé e lọ sí gbàǹjo tí wọ́n ń gba ìdá 15, tí ó sì tà ní $2,000, $1,700 ni yóò wọ àpò yín. Kí ẹ tó lè jáde láìpàdánù, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tà ní nǹkan bí $2,600. Fún ìbọn onígóòlù tó kún ọjà, mi ò rí ọ̀nà tí yóò gbà débẹ̀.

Ẹ má gbàgbé èèkù náà. Èyí tí wọ́n fi eyín erin ṣe lẹ́wà, àmọ́ láti oṣù keje 2016, ìjọba Amẹ́ríkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fòfin de títa eyín erin Áfíríkà láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, àyàfi bí ó bá bọ́ sínú àwọn àyè díẹ̀ tí òfin dá sílẹ̀, bí i pé ó ti lé ní 100 ọdún. Ẹ lè rà á kó má ṣeé tà.

Lórí òfin, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kàn wá jù. Ẹni tó ti pé ọdún 21 ni oníṣòwò lè ta ìbọn ìléwọ́ fún. Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú lè rà á. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti iṣẹ́ kò lè rà á, àyàfi nínú àwọn àyè díẹ̀ bí i níní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ibi tí èèyàn wa ti ń kó sí wàhálà nìyí: àbúrò tó wà lórí físà á kó owó fún ẹ̀gbọ́n tó ní ìwé ìgbélùú, pé "ẹ bá mi rà á." Ẹ̀gbọ́n á buwọ́ lu fọ́ọ̀mù 4473, ìwé ìjọba àpapọ̀ tí ẹni tó ń ra ìbọn lọ́wọ́ oníṣòwò ń kọ, pé òun gan-an ló ń rà á. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀. Láti 2022, irú ìrajà bẹ́ẹ̀ lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 15. Ní Maryland, ẹ ó gba ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí kí ẹ tó ra ìbọn ìléwọ́, ìbọn tí kò bá sì sí lórí àkójọ ìpínlẹ̀ náà, oníṣòwò kò lè tà á fún yín. California náà ní àkójọ tirẹ̀, wọ́n sì ti fi owó orí 11% kún owó ìbọn láti oṣù keje 2024.

Ẹni tó bá ń rò pé òun á gbé e wálé lọ́jọ́ kan, kó yọ ọkàn kúrò níbẹ̀. Nínú òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959, rìfófà àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí wọ́n kà léèwọ̀, àṣẹ Ààrẹ nìkan ló lè jẹ́ kí èèyàn ní in lọ́wọ́. Ṣakabùlà ọdẹ kò sí lórí ìlà yẹn. Ẹ̀yin ará London náà mọ̀ pé òfin 1997 ti gba ọ̀pọ̀ jù lọ ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú níbẹ̀.

Ti ìtọ́jú kò gùn. Ọ̀rinrin Houston kò mọ ìbọn olówó ńlá yàtọ̀. Ẹ má fi ìbọn búlúù pamọ́ sínú àpò awọ. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ṣe awọ àti omi tó fà mu ń jẹ irin, ẹ ó sì bá a tó ti dógùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tìmùtìmù inú àpótí tí wọ́n tẹ́ àrán sí náà ń gba omi. Òróró fẹ́lẹ́ lórí irin, àpótí irin tó ní ohun tó ń fa ọ̀rinrin, ẹ jẹ́ kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìdá 50 tàbí kó kéré sí i, kí ẹ sì nu ipa ìka kúrò lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, torí òógùn ní iyọ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ pe iléeṣẹ́ adójútòfò tó ń bójú tó ilé yín. Ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò ilé ní Amẹ́ríkà kì í san ju $2,500 lọ fún gbogbo ìbọn tí olè bá jí, yálà ẹyọ kan ni tàbí mẹ́wàá. Ẹni tó ní Python $3,500 gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú fọ́tò, nọ́ńbà rẹ̀ àti ìwé owó tó fi rà á, kí fọ́tò náà sì wà níbòmíràn, kó má wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú ìbọn.

Òǹkàwé yín,
Houston, Texas